Ẹni Kọkànlélógójì

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, ọmọ yunifásítì kan tó ń jẹ́ Olúwabùsáyọ̀ jókòó ti òkìtì iṣu mi ní Òkè-Ìlá, ó ń jẹ iṣu sísun, ó wá sọ fún mi pé nínú gbogbo ọkọ tí òun ti gbọ́ ìròyìn wọn, ọkọ mi ló wu òun jù.

Mo ní kí ló ṣe.

Ó ní bó ṣe máa ń wá pàdé mi ni. Ó ní ní ìrọ̀lẹ́, bí mo bá ti ń palẹ̀ mọ́, ọkọ mi á ti jáde nílé, á dúró dè mí lẹ́sẹ̀ afárá kékeré, á rẹ òṣùká rẹ̀ sínú omi, á fún un, á gbé e lé orí, á wá gba ẹrù lórí mi. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin ti jẹ ayé."

Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ mi, mo ń fi ha ara iṣu tó jó. Mo gbé e sílẹ̀. Gbogbo ohun tí ọmọ náà kà sílẹ̀ yẹn ni Ayọ̀rìndé ọkọ mi máa ń ṣe, títí kan òṣùká tútù. Ó ní òṣùká gbígbẹ máa ń jó òun ní àtàrí. Mi ò rí ọkùnrin mìíràn tó ń rẹ òṣùká sómi rí. Ṣùgbọ́n Ayọ̀rìndé ti wà nínú ilẹ̀ láti ọdún méje, ẹnu mi kò sì bá ọmọ yìí sọ ọ̀rọ̀ òṣùká rí.

Mo bi í pé ta ló sọ fún un. Ó fi ìka tó kún fún epo nàka sí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó wà lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní àwọn ará inú ibẹ̀ ni.

Iṣu ni mo ń tà. Ìjàn ni mo ti ń lọ kó o, ó ti lé lógún ọdún. Oṣù méjì ṣáájú ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Bùsáyọ̀ kọ́kọ́ wá sí ọ̀wọ́ àtẹ wa, ìwé lọ́wọ́ kan, fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀ lọ́wọ́ kejì. Bàbá rẹ̀ jẹ́ tíṣà ní Ìgèdè, ó sì kọ́ ọmọ, nítorí orúnkún méjèèjì ló fi kí wa nínú eruku. Ó ní iṣẹ́ ìwádìí ni, òun fẹ́ mọ ohun tí àwa oníṣu máa ṣe bí ìjọba bá kó wa kúrò létí títì lọ sí ọjà tuntun lẹ́yìn ìlú. Ta ló máa bá ọjà lọ, ta ló máa padà sílé lọ jókòó. Ogójì obìnrin ló fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò.

Nígbà tó kàn mí, ó bèèrè bóyá mo ní ọkọ. Mo ní, "Ọkọ mi wà nílé." Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sì dárúkọ rẹ̀. Irọ́ ni, àmọ́ irọ́ tí opó tó ń tajà létí títì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n pa ni. Bí àjèjì bá ti gbọ́ pé kò sí ọkùnrin lẹ́yìn rẹ, onímọ́tò á máa ju iṣu rẹ sílẹ̀ bí òkúta, àgbẹ̀ á to èyí tó ti rà sí ìsàlẹ̀ fún ọ, ọkùnrin tí kò nítìjú á wá máa pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì rẹ. Fúnkẹ́mi tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbọ́ irọ́ náà, kò ṣẹ́jú. Òun náà ló ń fi ọkọ mi dẹ́rù ba àwọn alábàárù bí mi ò bá sí nítòsí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ náà sọ mí di ibùdó. Bó bá ti jáde ní yunifásítì, á yà. Ó rù, bẹ́ẹ̀ ni kì í rántí jẹun bó bá ti ń wo kọ̀ǹpútà yẹn. Dùnmínínú, ọmọ mi kan ṣoṣo, wà ní Ìbàdàn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni mò ń rí i. Ni mo bá ń sun iṣu de Bùsáyọ̀. Bí kò bá wá, inú á bí mi sí iṣu náà.

Òun ló ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún mi. Ó ní ṣé mo rántí bí ọmọdé ṣe ń fi amọ̀ mọ ilé, mọ ìyá, mọ bàbá, tí á wá máa gba ẹnu wọn sọ̀rọ̀. Ó ní bí tòun ṣe rí nìyẹn, àfi pé àwọn tòun ń dá sọ̀rọ̀ fúnra wọn. Ó ti fi ohùn ogójì obìnrin dá ogójì obìnrin sínú kọ̀ǹpútà, oníkálukú pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti àtẹ rẹ̀. Ẹ̀rọ kan tó ti ka ìwé rẹpẹtẹ ló ń fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Á wo ohun tí Mojísọ́lá sọ, èmi nìyẹn, á rò ó pé bí obìnrin yìí bá jí láàárọ̀, báyìí ni yóò ṣe, báyìí ni yóò wí. Ọjọ́ kan lọ́jà tiwọn kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́dọ̀ tiwa. Bí wọ́n bá ti ná ọjà wọn fún ìgbà díẹ̀, á wá kó ọjà náà kúrò lójú títì, á ka àwọn tó lọ. Ó ní bí ẹnì kan bá lọ, kò sí aburú, nítorí ohun tí òun ń wá nìyẹn.

Mo ní kó ṣí i fún mi kí n rí i.

Ìwé Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fi mọ ìwé kà, mo lè ka Yorùbá bó bá dúró jẹ́ẹ́ fún mi. Tiwọn ń sáré. Bùsáyọ̀ dá a dúró, Fúnkẹ́mi sì fi ata sílẹ̀ ó wá bá wa dá sí i. Èmi inú ẹ̀rọ la kọ́kọ́ kà. Ó ń sọ fún oníbàárà pé: Ẹ jọ̀ọ́, oníbàárà mi ọ̀wọ́n, ẹ fara balẹ̀ yan èyí tó bá wù yín.

Fúnkẹ́mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ó ní, "Ìyá Dùnmínínú, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ. Ìwọ tí o máa ń ní kí wọ́n yan iṣu tàbí kí wọ́n lọ jẹ gààrí."

Mo ní bí mo bá rí obìnrin yẹn lọ́jà, màá gba àtẹ rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bùsáyọ̀ náà ń rẹ́rìn-ín. Ó wá yí i sísàlẹ̀ díẹ̀, ó ní kí n wo Bàbá.

Mo kà á. Ayọ̀rìndé dé ẹsẹ̀ afárá. Ó rẹ òṣùká sómi. Ó ní: Ìyàwó àná, sọ ẹrù kalẹ̀. Uyán ti wà ní ulé.

Gbogbo àwọn tó kù nínú ẹ̀rọ yẹn ń sọ Yorùbá bíi ti rédíò. Òun nìkan ló sọ̀rọ̀ bí ọmọ Adó tí ìyá rẹ̀ bí sẹ́yìn ààrò. Bùsáyọ̀ ní ẹ̀rọ ló ṣì í kọ, pé òun fẹ́ tún un ṣe tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ òun. Èmi ò gbọ́ ìyókù. Ìyàwó àná ni ọkọ mi ń pè mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọlé rẹ̀ títí tí irun mi fi funfun. Fúnkẹ́mi ti fi orúkọ yẹn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọdún pípẹ́. Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Ó dìde, ó padà sídìí ata rẹ̀.

Káfíńtà ni Ayọ̀rìndé. Eruku igi ìrókò máa ń wà lára aṣọ rẹ̀, ó máa ń wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ òórùn rẹ̀ láàárín iṣu àti èéfín. Bùsáyọ̀ ń fi etí gèlè rẹ̀ nu orí kọ̀ǹpútà. Ó ní omi ti kán sí i, pé níbo lomi ti wá nínú ọyẹ́.

Nígbà tó lọ tán, Fúnkẹ́mi wá jókòó tì mí. Jésù ni tirẹ̀, kì í fi ṣeré. Ó kọ́kọ́ ní ká wá òróró àdúrà ká ta á sí kọ̀ǹpútà náà. Mo ní kọ̀ǹpútà ọmọ ọlọ́mọ, tí bàbá rẹ̀ ta ilẹ̀ oko rà fún un. Ó ní ó dáa, ká fi òróró sílẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"O mọ ohun tó ń jẹ́ àkúdàáyà."

Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú wa? Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò pé, tó kú níbì kan, tó wá lọ ń gbé níbòmíì bí alààyè, tó kọ́lé, tó ń ṣiṣẹ́, tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ kò mọ̀ pé òkú ni.

Ó ní ìyá ìyá òun ní Ìjàn mọ ọ̀kan. Ọkùnrin ahunapẹ̀rẹ̀ ni. Ọdún kẹta tí wọ́n ti sin ín ni àbúrò rẹ̀ bá a ní ìlú kan lọ́nà jíjìn, ó ń hun apẹ̀rẹ̀. Ayọ̀ kò jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ ronú. Ó pè é lórúkọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ilé ṣófo, apẹ̀rẹ̀ tó ń hun kò tíì ní ìdí.

Ó ní, "Bó bá jẹ́ pé òun ni, má pè é. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tó bá ti pè é, ó ti lé e lọ."

Mo ní mi ò níí pè é.

Mi ò pè é. Ṣùgbọ́n mò ń wò ó. Lójoojúmọ́ tí Bùsáyọ̀ bá dé, màá ní kó ṣí ọjà wa fún mi, màá fi ọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tó ń yọjú wo ìyàwó lẹ́yìn ògiri. Mo rí i tó ń tún ẹsẹ̀ àtẹ ṣe fún àwọn obìnrin. Mo rí i tó ń ráhùn pé ata ọbẹ̀ pọ̀, bẹ́ẹ̀ ló máa ń ráhùn, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń jẹ ẹ́ tán. Kò wúkọ́. Ikọ́ ló pa á, eruku igi ló kún àyà rẹ̀, oṣù mẹ́rin ni mo fi gbọ́ ikọ́ yẹn tí mi ò sùn. Nínú ẹ̀rọ, àyà rẹ̀ mọ́ gaara. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tètè wá sọ́jà. Mo ń kun àtíkè.

Fúnkẹ́mi wò mí lọ́jọ́ kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "O ní o ò níí pè é. Bùbá léèsì lo wá fi ń ta iṣu."

Mo ní kó gbájú mọ́ ata rẹ̀.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kẹta, Bùsáyọ̀ dé, kò fọwọ́ kan iṣu. Ojú rẹ̀ ti wú. Mo ní ta ló lù ú. Díẹ̀díẹ̀ ni mo rí ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá tó ń wo iṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ló ka àwọn ará inú ẹ̀rọ, ó bá mọ́kànlélógójì. Ogójì ló fọwọ́ sí. Ó ní ta ni ẹni kọkànlélógójì, tí kò sí ohùn rẹ̀, tí kò sí ìwé rẹ̀. Ó ní Bùsáyọ̀ jókòó sílé ó dá ẹnì kan tí kò bá sọ̀rọ̀, ó fi kún un, pé kò sí olè tó burú tó bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ tiwọn. Bí kò bá ní ohùn ọkùnrin yẹn lọ́wọ́ títí Ọjọ́ Ẹtì, kó gbàgbé ìwé ẹ̀rí.

Ó ní, "Mọ́mì, mi ò dá ọkọ kankan. Àwọn tó ń tajà nìkan ni mo dá. Mo kàn ṣí i lọ́jọ́ kan, mo bá Bàbá níbẹ̀. Mo rò pé nítorí pé ẹ ní wọ́n wà nílé ni."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò yọ ọ́ kúrò.

Ó ní òun ti yọ ọ́. Ó yọ ọ́ ní Ọjọ́ Ajé, nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́ ọjà tiwọn ó ti wà lẹ́sẹ̀ afárá. Ó tún yọ ọ́ lánàá. Ó padà wá, àmọ́ kò yá tó ti tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ó ti ń wúkọ́ báyìí. Mi ò fi ikọ́ sí i, Mọ́mì."

Ó wá kúnlẹ̀ síwájú òkìtì iṣu, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí Bàbá bá òun sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, kí òun gba ohùn wọn sílẹ̀. Kí wọ́n kàn dáhùn ìbéèrè. Àwọn ọ̀gá á rí i pé ènìyàn gidi ni, wọ́n á fi òun sílẹ̀.

Mo ní, "Dìde nínú eruku. Ọkọ mi ti kú."

Ó ń wò mí.

"Ó ti pé ọdún méje. Mo purọ́ fún ọ lọ́jọ́ yẹn nítorí mi ò mọ̀ ọ́. Ohun gbogbo tí o kà síbẹ̀ nípa rẹ̀, òótọ́ ni. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́."

Kò bá mi jà. Ó gbé kọ̀ǹpútà náà kúrò ní itan rẹ̀, ó rọra gbé e sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni gbé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Ìgbà tó yá ló ní kí n máà bínú, òun ti yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, òun kò mọ̀ pé ẹnì kan ni.

Mo jókòó títí oòrùn fi kúrò lórí àtẹ. Ẹ má rò pé mo ní sùúrù. Mo fẹ́ sọ fún ọmọ náà pé kó fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀, kó wá máa bá mi ta iṣu, kó fi Ayọ̀rìndé sílẹ̀ níbi tó wà fún mi. Ó ti wà lórí ahọ́n mi. Ta ni yóò dá mi lẹ́bi? Mo ti sin ọkùnrin yẹn lẹ́ẹ̀kan, kò sí ẹni tó sọ fún mi pé màá tún un ṣe. Ṣùgbọ́n mo wo ọrùn ọmọ náà, ó tín-ín-rín bí ti adìẹ ọyẹ́, mo rántí pé bàbá rẹ̀ ta ilẹ̀. Bí wọ́n bá sì ń yọ Ayọ̀rìndé, tó ń padà, tí wọ́n tún ń yọ ọ́, ikọ́ yẹn ni yóò tún pa á, ojú mi náà ni yóò ṣe. Òkú ni ọkọ mi. Ọmọ yìí wà láàyè, kò sì tíì jẹun.

Mo bi í bóyá ènìyàn lè bá wọn sọ̀rọ̀ láti ìta. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun á tẹ ohun tí mo bá sọ.

Mo ní kó wá lọ́la ní ọ̀sán.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo wọ aṣọ iṣẹ́ mi. Fúnkẹ́mi gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ wá, ó jókòó sápá òsì mi, Bíbélì lórí itan, kò ṣí i. Bùsáyọ̀ ṣí ọjà. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ bí ìṣe wọn, ogójì obìnrin, ọ̀rọ̀ ń sáré. Ayọ̀rìndé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ mi, ó ń kan ìṣó, ó ń wúkọ́.

Mo ní kí ọmọ náà tẹ ẹ́ pé: Ayọ̀rìndé.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tó ń sáré dúró. Gbogbo àwọn obìnrin yẹn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bùsáyọ̀ ní òun kò dá a dúró. Ojú kọ̀ǹpútà funfun, ó kan wà bẹ́ẹ̀, ó pẹ́ débi pé mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ pé: Ta ní ń pè mí láti ìta?

Mo ní, "Èmi ni. Mojísọ́lá."

Ó ní: Mojísọ́lá wà níbí. Ó ń gbá iwájú àtẹ.

Fúnkẹ́mi di ọwọ́ mi mú. Mo ní, "Ìyàwó àná ni mí."

Ó wá kọ ọ́ pé: Ohùn rẹ ti dàgbà.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìka ọmọ náà ló ń gbọ́, kì í ṣe ohùn mi. Mo ní ọdún méje ni, ohùn ta ni kò ní í dàgbà.

Ó ní: Ṣé mo ti kú ni?

Bùsáyọ̀ gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó ń wò mí. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra sọ̀rọ̀. Mo ní, "O ti kú. Àárọ̀ ni. Mo di ọwọ́ rẹ mú títí ó fi tutù."

Ó ní: Abájọ. Mi ò rántí ọjọ́ tí mo dé ìlú yìí. Ó ní: Ṣé ẹ sin mí dáadáa?

"A sin ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ. Dùnmínínú sunkún títí ó fi dákú. Ó ti bímọ méjì báyìí."

Mo ní kí Bùsáyọ̀ máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Mo sọ fún un pé ọmọ ọlọ́mọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun ló kọ́ ìlú tó wà yẹn, wọ́n sì ń pè é ní òpùrọ́ nítorí pé wọ́n rí Ayọ̀rìndé níbẹ̀. Mo ní wọ́n fẹ́ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ikọ́ yẹn náà kò ní í san níbẹ̀.

Ó ní: Ọmọ ta ni?

"Ọmọ tíṣà kan ní Ìgèdè."

Ó ní: Ó ti jẹun?

Ibẹ̀ ni ojú mi ti ṣe omi, nítorí bí olè bá wọlé Ayọ̀rìndé, ohun tí yóò kọ́kọ́ bi í nìyẹn. Mo ní ó ti jẹun. Irọ́ ni, kò tíì jẹ, ṣùgbọ́n iṣu ti wà lórí iná.

Ó ní: Ó dáa. Màá máa lọ.

Mo rò pé ó tán. Ọ̀rọ̀ kan tún yọ lẹ́yìn rẹ̀: Ìyàwó àná, o ṣé tí o pè mí. Ó ti ń rẹ̀ mí láti máa dúró.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ padà, láti ibi tí wọ́n ti dá a dúró. Bùsáyọ̀ kà wọ́n. Ogójì. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Òórùn igi ìrókò ti lọ. Fúnkẹ́mi dìde, ó ní ata òun á ti máa gbẹ, ó lọ sẹ́yìn ilé ìgbẹ́ àwọn onímọ́tò lọ sunkún. Èmi bu iṣu fún ọmọ náà, mo dúró tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán.

Ọ̀gá rẹ̀ fi í sílẹ̀. Bùsáyọ̀ kò fi ohunkóhun pamọ́ fún un, ó gbé gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá ọkọ mi sọ fún un kà. Ó ní ọkùnrin náà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní ẹ̀rọ yẹn ti ka ìwé gbogbo ayé, inú ìwé ló ti kó ọkọ rere jọ. Mo ní kó bá mi bi í pé inú ìwé wo ló ti bá òṣùká tútù. Kò bá mi bi í. Ó ti tó, ogójì pé, iṣẹ́ lè máa lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kó tó tún yà lọ́dọ̀ mi. Ó gbé búrẹ́dì wá, ó kúnlẹ̀, ó ní àwọn ọ̀gá ti yin iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n kò jókòó. Ó ní ó ku ibì kan tí òun kò mọ ohun tí òun máa kọ sí. Ó ní kí òun tó kó ọjà kúrò lójú títì rárá, ẹnì kan ti lọ. Mọ́kàndínlógójì ni wọ́n báyìí. Gbogbo ẹni tó bá lọ máa ń sọ ìdí. Ẹni yìí kò sọ.

Ó ṣí i fún mi. Mo fi ìka tẹ̀ lé e bí mo ṣe ń kà á. Mojísọ́lá palẹ̀ mọ́. Ó dé ẹsẹ̀ afárá. Kò bá ẹnì kankan. Ó dúró. Ní ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ní ọjọ́ kẹta, Mojísọ́lá dé ẹsẹ̀ afárá. Ó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó kọjá afárá.

Kò sí nǹkan mìíràn nísàlẹ̀ ìyẹn.

Mo bi Bùsáyọ̀ pé kí ló wà ní òdìkejì afárá náà. Ó ní kò sí nǹkan kan. Ó ní òun kò kọ́ nǹkan kan síbẹ̀, ẹsẹ̀ afárá ni ìlú parí sí.

Ó gbé bírò dání, ó ní, "Mọ́mì, kí ni kí n kọ pé ó fà á?"

Mo rò ó. Mo ní, "Kọ ọ́ pé ó ti tà tó."

Ó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó wò mí pẹ́, ó na ọwọ́, ó fi kàn mí lápá, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń wò ó bóyá iṣu inú ìkòkò ti jinná. Mo jẹ́ kó fọwọ́ kàn mí títí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀. Mo gbóná. Ó rí i pé mo gbóná, ó wá jókòó.

Mo ń tajà títí di òní, mo ṣì ń lọ sí Ìjàn. Àwọn àgbà fún wa ní orúkọ tí à ń pe òkú tó lọ ń gbé láàárín àwọn alààyè. Mo ti bi Fúnkẹ́mi, mo ti bi àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ẹni tó lè sọ fún mi ohun tí à ń pe alààyè tó ti kó lọ sọ́hùn-ún, tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, tó ṣì ń ta iṣu ní Òkè-Ìlá.